Bí àníyàn ṣe ń di àìsàn: láti orí òkè Ìdáàṣà dé Aró

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a mú wá fún yín lónìí, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó kan ara yín ni. A fẹ́ sọ bí àníyàn ọkàn ṣe ń sọ ara di aláìsàn, bí àwọn ènìyàn ṣe wá mọ̀ bẹ́ẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe sí i. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ìlà kan bá le, ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ tún un kà.

Ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá sí Dassa-Zoumè, òkè ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń rí. Ìlú òkè 41 ni wọ́n ń pè é. Àwa fúnra wa ń pè é ní Igbó Ìdáàṣà. Àlejò a máa ya fọ́tò òkè wọ̀nyí, a ní wọ́n dára. Òótọ́ ni, wọ́n dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹwà ni àwọn baba wa fi gùn wọ́n.

Ghezo jọba ní Àgbómẹ̀ láti 1818 sí 1858. Ọmọ rẹ̀, Glele, jọba lẹ́yìn rẹ̀ títí di 1889. Ní ayé àwọn ọba méjèèjì yìí, ọmọ ogun Dàhómì a máa jáde láti kó ènìyàn. Ilẹ̀ Ìdáàṣà àti ilẹ̀ Mahi kò jìnnà sí wọn. Ní 1886 wọ́n fọ́ ìlú Kétu pátápátá. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n lè tà á, wọ́n lè fi í sí oko ọba, wọ́n sì lè fi í rúbọ. Nítorí náà, bí igbe bá ta ní ẹsẹ̀ òkè, ìyá á gbé ọmọ pọ̀n, bàbá á mú ohun ìjà, wọ́n á sá gun òkè lọ sí àárín àpáta.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara ẹni tí ó ń sá gòkè yẹn dáadáa. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Èémí rẹ̀ ń yára. Ẹnu rẹ̀ gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn. Ebi tí ń pa á tẹ́lẹ̀ ti lọ. Oorun ti dá lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ oko ti mú rẹ̀ láti àárọ̀ tún ní agbára, ó ń fò láti orí òkúta dé orí òkúta. Ibo ni agbára yẹn ti wá? Inú ara rẹ̀ náà ni. Ara ti pa iṣẹ́ tí kò kánjú tì, ó kó gbogbo agbára rẹ̀ sí ẹsẹ̀, sí apá àti sí ojú. Oúnjẹ inú ikùn lè dúró de ọ̀la. Ọ̀tá kò ní dúró.

Nígbà tí ọ̀tá bá padà, ẹni náà á jókòó sórí òkè. Èémí rẹ̀ á wálẹ̀. Wọ́n á ka ara wọn bóyá wọ́n pé. Wọ́n á dáná, wọ́n á jẹun, olúkúlùkù á máa sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹni tí ó sunkún, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà, oorun á dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi apá kejì ìtàn yìí sọ́kàn, a óò padà sí i: kíka ara wọn, iná, oúnjẹ, ọ̀rọ̀ sísọ, oorun.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, àwọn sójà Faransé, tí Dodds jẹ́ olórí wọn, wọ Àgbómẹ̀. Ogun kíkó ènìyàn dópin. Àwọn ènìyàn wa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n kọ́ ilé sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tí a fi sá gòkè nígbà náà ni a gbé sọ̀ kalẹ̀. Ara yẹn ni àwa náà ní lónìí. Ó ṣì ń ṣe bí ó ti ń ṣe.

Àwọn oníṣègùn òyìnbó pẹ́ kí wọ́n tó mọ bí ó ṣe ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ni Walter Cannon, ará Amẹ́ríkà. Ó ń fi ẹ̀rọ tí ń fi inú ara hàn wo ikùn ológbò bí ó ṣe ń lọ oúnjẹ. Ó rí i pé bí inú bá bí ológbò tàbí tí ẹ̀rù bá bà á, ikùn náà á dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ikùn á tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ jẹ́ kí ajá gbó mọ́ ológbò, wọ́n sì wo ẹ̀jẹ̀ ológbò náà. Ohun kan ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ náà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan, ẹran kékeré kan wà tí ó jókòó bí fìlà. Òun ni ó ń tú ohun náà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìbẹ̀rù. Ohun náà ní ń mú kí àyà lù kíkan, tí ó sì ń mú kí ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ kó pamọ́ jáde fún iṣan láti fi sáré. Cannon kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1915. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: ìbẹ̀rù ń múra ara sílẹ̀ láti jà tàbí láti sá.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù ńkọ́? Ìyẹn ni Hans Selye, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal ní Kánádà, wádìí. Ní 1936 ó tẹ ìwé kúkurú kan jáde nípa eku. Ó fi àwọn kan sínú òtútù, ó mú àwọn kan ṣiṣẹ́ ju agbára wọn lọ, ó ṣe àwọn kan léṣe. Ìyà wọn kò bá ara mu, ṣùgbọ́n inú ara wọn bá ara mu. Ẹran tí ó wà lórí kíndìnrín wú. Ọgbẹ́ yọ sínú ikùn. Ẹ̀yà ara tí ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti bá àìsàn jà súnkì. Èyí ni pé bí ìyà kò bá dáwọ́ dúró, ìmúrasílẹ̀ tí ó yẹ kí ó gba ara là ni yóò máa jẹ ara run. Ní Nàìjíríà, àwọn kan ń pe irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ ní másùnmáwo. Ẹ pè é sókè, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ “má sùn” nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Ọmọ ogun Dàhómì kò sí mọ́. Kí ni ó ń lé wa? Gbèsè ni. Owó ilé ìwé ọmọ ni. Òwú tí a ti tà tí owó rẹ̀ kò tíì dé ni. Òjò tí kò rọ̀ ni. Ẹ̀yin àgbà á rántí ọdún 1988 àti 1989, nígbà tí àwọn báńkì ìjọba wó lulẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀ lọ gba owó rẹ̀, kò rí i. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó fún oṣù púpọ̀ láìgba owó oṣù. Kò pẹ́, ní oṣù kìíní ọdún 1994, owó sẹ́fà já. Tẹ́lẹ̀, 50 sẹ́fà ni a fi ń gba fàráǹsì Faransé 1. Lójijì ó di 100. Oògùn ilé ìwòsàn àti gbogbo ohun tí ó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Kò sí ẹni tí ó yọ idà sí wa ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n àyà ń lù, oorun ń dá, bí ìgbà tí ọ̀tá wà ní ẹsẹ̀ òkè.

Ohun tí ó burú níbẹ̀ nìyí. Ẹni tí ogun ń lé a máa sáré, ara rẹ̀ a sì ná agbára tí ó kó jọ. Ẹni tí gbèsè ń lé, orí àpótí ni ó jókòó sí. Kò sáré lọ sí ibì kan. Ogun a máa dé, a máa lọ. Gbèsè a bá ènìyàn sùn, a bá a jí. Kò sí òkè tí a lè gùn tí kò ní bá wa gùn ún. Nítorí náà ara wà ní ìmúrasílẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru, fún oṣù, fún ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ń fi agbára ti ògiri iṣan rẹ̀ láìsinmi. Orí ń fọ́, ọrùn ń le, inú ń kùn, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu. Nǹkan oṣù obìnrin lè dàrú. Agbára ọkùnrin lè dínkù. Ẹni náà ń bínú sí ọmọ láìnídìí. Elòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í mu sódàbì kí ó lè sùn. Oorun sódàbì kì í ṣe oorun, ó ń dá ènìyàn jí ní òru, gbèsè sì wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é.

Èmi kò sọ pé àníyàn ni ó fa gbogbo àìsàn o. Àpẹẹrẹ kan ni ọgbẹ́ inú. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà fúnra wọn gbà pé àníyàn ni ó ń fà á. Láti 1982 ni àwọn ará Ọsirélíà méjì, Robin Warren àti Barry Marshall, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé kòkòrò kékeré kan ni ó ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀, oògùn sì wà fún un. Nítorí náà ẹni tí inú ń ta, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó má jókòó sílé kí ó ní “ìrònú ni”. Bákan náà, bí ara ẹni tí ó jẹ gbèsè bá dàrú, kí a má yára sọ pé ayé ni ó ń bá a jà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ya ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nípá ní ọ̀pọ̀ agbolé wa, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn kan náà ni ìbá ran ẹni náà lọ́wọ́.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ fi ojú rí agbára ìrànlọ́wọ́ ará ilé láàárín àwa tí ń sọ Yorùbá kò jìnnà sí ìtàn òkè. Abẹ́òkúta ni. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn ìlú yẹn díẹ̀. Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní nǹkan bí 1830. Ọmọ ogun Dàhómì tí ń lé wa gun òkè níbí lọ kọlù wọ́n níbẹ̀ ní 1851 àti 1864, wọn kò borí. Ìlú tí ó sá sí abẹ́ àpáta bí tiwa ni.

Ní ìlú yìí, ní 1944, wọ́n sọ ilé ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò di ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Àwọn sójà wa tí ó ti ogun àgbáyé kejì dé wà nínú wọn. Wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ìbọn, ṣùgbọ́n ara wọn kò gbà pé ogun ti parí. Ẹ ronú sí i: ẹni tí ẹ̀rù ti sọ di aláìsàn, inú ilé ẹ̀wọ̀n ni a gbé e sí.

Ní 1954, ọmọ Abẹ́òkúta kan di olórí ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Aró, ní ẹ̀bá ìlú náà. Thomas Adéoyè Lámbò ni orúkọ rẹ̀. 1923 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ nípa àrùn ọkàn àti ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò dúró de ilé ńlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó lọ bá àwọn àgbà abúlé tí ó yí Aró ká, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba aláìsàn sí ilé wọn. Wọ́n gbà. Òfin kan ni ó fi lélẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí ìyàwó rẹ̀, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa bá a fọ aṣọ, kí ó máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní àárọ̀. Wọ́n ń san owó ilé fún onílé. Ní ọ̀sán, aláìsàn ń bá ará abúlé lọ sí oko, ó ń jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú wọn, ó ń jó níbi ayẹyẹ wọn. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra, ó ní wọ́n mọ ohun tí ń ba ọmọ Yorùbá lẹ́rù ju ìwé òun lọ. Ó fún àwọn aláìsàn ní oògùn òyìnbó pẹ̀lú. Kò fi ọ̀kan tàbùkù èkejì. Ní tèmi, ọgbọ́n tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ rántí àwọn tí ó jókòó yí iná ká lórí òkè lẹ́yìn ogun. Ohun kan náà ni.

Àwọn òyìnbó gbọ́, wọ́n wá wò ó. Ní 1961, Alexander Leighton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bá Lámbò ṣiṣẹ́. Wọ́n lọ láti abúlé dé abúlé ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè: ṣé o ń sùn? Ṣé àyà rẹ ń já? Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé ìdààmú ọkàn wà ní abúlé bí ó ti wà ní ìlú òyìnbó, kì í ṣe àrùn olówó. Wọ́n sì rí i pé abúlé tí ìrẹ́pọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, tí kò sí ẹni tí ń ran ẹnì kejì lọ́wọ́, ni àìsàn yìí pọ̀ sí ju abúlé tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan pọ̀. Lámbò kúrò ní Aró ní 1963, ó lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé títí di 1988. Ó kú ní 2004. Ilé ìwòsàn Aró ṣì wà.

Dókítà mìíràn tí ó ṣiṣẹ́ ní Aró ni Raymond Prince, ará Kánádà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ni ó ń tọ̀ ọ́ wá. Wọ́n ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí bí eèrà, ojú ń ṣú, ohun tí wọ́n kà kò dúró. Gbogbo ẹbí ni ó ta nǹkan kí wọ́n lè lọ sí ilé ìwé, wọn kò sì fẹ́ já ẹbí kulẹ̀. Ó kọ nípa wọn ní 1960. Àwọn dókítà ń jiyàn títí di òní lórí orúkọ tí ó fún àìsàn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé ní àgbà, ẹ máà bẹ̀rù. Ojú tí ó rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ oko yàtọ̀ sí àìsàn yìí. Bí lẹ́tà bá ń sá fún yín ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọ yín ń ṣàìsàn nílé, opolo yín kò kú. Àníyàn ti gba àyè ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe rò pé Nàìjíríà nìkan ni ìtàn yìí wà. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni Grégoire Ahongbonon. Ó lọ sí Côte d’Ivoire, ó ń ṣe iṣẹ́ táyà ní Bouaké. Owó dé, ó ra ọkọ̀ takisí. Nígbà tí ó yá, gbogbo rẹ̀ wó mọ́ ọn lórí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun gbèrò àti pa ara òun. Àlùfáà kan dúró tì í, ó sì bọ́ nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wá àwọn tí ẹbí so mọ́ igi tàbí tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè nítorí pé orí wọn dàrú. Ó ń tú wọn, ó ń mú wọn wá sí ibi ìtọ́jú. Ó ti dá irú ibi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Avrankou àti ní Bohicon. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, aláìsàn ni àwọn náà tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ohun tí gbèsè fẹ́ pa, ẹ wo ohun tí ó padà dà.

Kí ni ẹ lè ṣe ní ilé? Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lo ohun tí ẹ ń kọ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ mú ìwé yín, ẹ kọ gbèsè sílẹ̀: ẹni tí ẹ jẹ, iye tí ẹ jẹ, ọjọ́ tí ẹ máa san. Gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀ a máa wú ní òru. Èyí tí a kọ kò ju bí ó ti mọ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi han ẹnì kan. Ó lè jẹ́ ọkọ tàbí aya, ó lè jẹ́ àgbà agbolé, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ èésú yín. Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀. Ọkùnrin ni ìtìjú yìí ń pa jù, nítorí wọ́n ti sọ fún wa láti kékeré pé ọkùnrin kì í sọ ohun tí ń dùn ún.

Bí àyà bá ń já, ẹ jókòó, ẹ mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì mí síta kí ó pẹ́ ju mímí sínú lọ. Ẹ ṣe é fún ìwọ̀n ìgbà tí omi fi ń hó lórí iná. Ohun tí ẹ ń sọ fún ara ni pé ọ̀tá ti lọ. Ẹ rìn, ẹ jó, kí ara ná agbára tí ó kó jọ. Ẹ dín sódàbì kù. Ẹ má ra oògùn tí wọ́n ń tà nínú agbọ̀n ní ọjà, tramadol àti irú rẹ̀, tí wọ́n ní ó ń lé àárẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ àdúrà, olúkúlùkù mọ ti rẹ̀.

Bí ẹnì kan kò bá sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹun, tí ó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá le, wọ́n lè fi í ránṣẹ́ sí Jacquot ní Kútọnù. Kí ẹbí bá a lọ o, bí ti Aró.

Ó ku ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí kì í dún kí ó tó pa ènìyàn. Ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún, àti ẹni tí àníyàn ti pẹ́ lára rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọn óò fi aṣọ di apá yín, aṣọ náà á fún yín, á sì tú. Nọ́mbà méjì ni nọ́ọ̀sì yóò kọ. Ní ilẹ̀ wa, wọ́n a máa sọ ọ́ bí 12 lórí 8. Ìyẹn dára. Bí ó bá jẹ́ 14 lórí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ tí ó ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ẹ óò sì gba oògùn. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí ó fi ìwé náà hàn yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ka nọ́mbà méjèèjì, kí ẹ sì kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé tí ẹ fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n.